Púlọ́ọ̀gì Méjì Nínú Àpò Ẹ̀wù Arvi

Ìka mẹ́fà nínú ìka mẹ́wàá Arvi Kokkonen kò mọ ohun tí wọ́n bá dì mú lára mọ́. Bí òtútù bá ti yọjú díẹ̀, wọn a funfun bí ẹfun láti ẹnu èékánná dé oríkèé kejì, wọn a sì dákẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi di ayùn ẹlẹ́ńjìnnì mú nínú igbó ló fà á. Ayùn ń gbọ̀n, ọwọ́ ń bá a gbọ̀n, títí ó fi di ọjọ́ kan tí ayùn gbọ̀n tí ọwọ́ kò mọ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ mọ eléyìí lára?"

"Mo rí i."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ rí i."

"Ohun tí mo ní nìyẹn," ni Arvi wí.

Wọ́n ní kó fi igbó sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni nígbà náà. Ó kó ayùn rẹ̀ sínú àpótí, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kuoreniemi, abúlé kan létí adágún ní ìlà-oòrùn Finland, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Kò fẹ́yàwó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Sweden a máa pè é lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Wọn a sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí níhìn-ín, wọn a sọ bó ṣe rí lọ́hùn-ún, ó tán.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbà lẹ́yìn náà, kò sì sí owó níbẹ̀. Ẹgbẹ́ adóòlà-ẹ̀mí abúlé náà ní alùpùpù orí omi kan, aláwọ̀ ìyeyè, tó ti gbọ́dún púpọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú adágún, tàbí tí ọkọ̀ ẹnìkan bá fẹnu gbá òkúta, òun ni wọ́n ń gùn lọ, nítorí ó ń wọ ibi tí omi kò ti jìn, láàárín òkúta àti èèsún etí omi. Àwọn tó ṣì lágbára ló ń gùn ún. Arvi ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára ní láti wá ọgbọ́n mìíràn. Púlọ́ọ̀gì ni nǹkan kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, irin rírọ̀ sì ni wọ́n fi ṣe ihò tó ń wọ̀. Bí a bá fi í sínú ihò yẹn ní wíwọ́, tí a wá fi sípánà fún un, ihò bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì di ẹrù. Ìka ló yẹ kó mọ̀ bóyá ó ń lọ dáadáa. Ìka Arvi kò lè mọ̀. Nítorí náà ó gé rọ́bà oníhò kan tí gígùn rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó ń fi ẹnu rọ́bà bọ orí púlọ́ọ̀gì, rọ́bà náà ni yóò máa yí. Bí púlọ́ọ̀gì bá rí ọ̀nà rẹ̀, yóò bá rọ́bà yí. Bó bá wọ́, rọ́bà á yọ̀ lórí rẹ̀, á máa yí lásán, kò ní lè ba nǹkan jẹ́. Rọ́bà yẹn mọ ohun tí ọwọ́ kò mọ̀. Ó ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri ilé ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà.

Bí Arvi ṣe ń fi púlọ́ọ̀gì sí i kò ní àléébù rí. Nínú yíyàn rẹ̀ ni àléébù wà.

Púlọ́ọ̀gì wà tó gbóná, ó sì wà tó tutù. Èyí tó gbóná a máa fi ooru ara rẹ̀ jó èérí kúrò lójú ara rẹ̀. Èyí tó tutù a máa lé ooru lọ, ó dára fún ẹ́ńjìnnì tó ń sáré. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lórí púlọ́ọ̀gì tútù, ọ́ìlì a bò ó lójú, a dúdú, a rin, a kú. Ní oṣù Èbìbí ọdún tó kọjá, Arvi rí i pé èyí tó wà nínú alùpùpù náà ti ń dúdú. Ó ṣí ìwé àwọn tó ṣe é. Èdè Sweden ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì nígbà èwe. Ìwé ní: bí ẹ bá ń lò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ lo èyí tó gbóná jù ú lọ ní ìpele kan. Ìwé kò dárúkọ nọ́ńbà.

Púlọ́ọ̀gì Japan, nọ́ńbà mẹ́jọ, ló wà nínú rẹ̀. Lára púlọ́ọ̀gì ayùn, bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni ooru ṣe ń ga sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Arvi fi mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ra mẹ́sàn-án. Kò bi ẹnikẹ́ni. Gbogbo abúlé, òun ni wọ́n ń bi.

Ní gbogbo ìgbà oòrùn ọdún náà, alùpùpù ṣiṣẹ́ dáadáa. Eré ni wọ́n ń fi í sá: wọ́n ń gbé epo lọ fún ẹni tí epo tán fún, wọ́n ń fa ọkọ̀ àwọn àlejò wálé.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, lọ́sàn-án ọjọ́ Thursday kan, Oskari Laukkanen, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, jáde lọ kó àwọ̀n rẹ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń léfòó, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Antero Vänskä, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, ló gun alùpùpù orí omi jáde. Wíwá ènìyàn nínú èèsún kì í ṣe eré sísá. Ó rọra ń lọ, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń pe Oskari lórúkọ. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì kú. Antero tẹ bọ́tìnnì. Ó fa ṣóòkì kí epo lè pọ̀ sí i, ó tún tẹ bọ́tìnnì, títí agbára bátìrì fi tán. Ọkọ̀ àwọn panápaná dé láti ìlú lẹ́yìn àádọ́ta ìṣẹ́jú. Wọ́n rí Oskari lẹ́yìn ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú omi. Kò tó ọ̀ọ́dúnrún mítà sí ibi tí Antero jókòó sí lórí alùpùpù tí kò dún.

Dókítà ní òun kò lè sọ bóyá àwọn ìṣẹ́jú yẹn ì bá já mọ́ nǹkan kan. Omi tutù, ọkàn sì ti gbó.

Antero fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun ló fún ẹ́ńjìnnì lépo lámujù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́: ẹ́ńjìnnì mu epo yó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹnìkan pariwo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù pé, "Antero, ṣé o ti fún bọ́ọ̀sì yẹn ní ṣóòkì láàárọ̀ yìí?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà Antero ń ra nǹkan rẹ̀ ní ìlú.

Ní oṣù Bélú, Arvi lọ sí ìlú lọ ra bẹ́líìtì fún ẹ̀rọ tó fi ń kó yìnyín. Lẹ́yìn ẹni tó ń tajà, wọ́n lẹ páálí kan mọ́ ògiri. Wọ́n ya púlọ́ọ̀gì mẹ́fà sára rẹ̀, nọ́ńbà wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó kéré jù, wọ́n ya yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ga jù, ọfà kan sì ti ọ̀dọ̀ iná lọ sọ́dọ̀ yìnyín.

Arvi wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé páálí yẹn tọ̀nà?" ló bi ọmọ tó ń tajà.

"Ti Japan nìyẹn. Òdì ni tiwọn. Bó bá ṣe ń ga ló ṣe ń tutù."

"Òdì."

"Wọn á ní tiwa ló lódì," ni ọmọ náà wí. "Ṣé bẹ́líìtì yẹn nìkan ni?"

Arvi ní kó fún òun ní púlọ́ọ̀gì méjì, nọ́ńbà méje. Ó fi wọ́n sí àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó gbàgbé bẹ́líìtì sórí tábìlì.

Wọ́n wà nínú àpò yẹn títí yìnyín fi yọ́. Bó bá ń lọ gbé igi ìdáná, tó bá ń gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọwọ́ bọ àpò. Kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ kàn wọ́n, á wá yọ wọ́n jáde, á wò wọ́n, á dá wọn padà. Ó ń retí kí ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ó jókòó nínú ilé ooru tó fi ń wẹ̀, ó da omi sórí òkúta gbígbóná títí èémí fi há a, ó sì ń dúró. Kò sí nǹkan tó wá. Ó jẹun nígbà oúnjẹ, ó sùn nígbà oorun. Àbúrò rẹ̀ bi í lórí fóònù pé, "Ṣé kò sí?" Ó ní kò sí. Kò purọ́.

Kì í ṣe pé ó pinnu láti dákẹ́. Ọjọ́ kan ń kọjá kí ẹnu rẹ̀ tó là, òmíràn ń tẹ̀ lé e. Tó bá rí bọ́ọ̀sì Antero lójú ọ̀nà, á gbé ọwọ́ sókè, Antero náà á gbé ọwọ́ sókè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí, yìnyín kúrò lórí adágún, wọ́n sì dá ọjọ́ ọ̀wẹ̀. Ọdọọdún ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń péjọ sí ilé ọkọ̀, wọ́n á kun ògiri, wọ́n á tún afárá ojú omi ṣe. Ilé tí ẹgbẹ́ bá lọ ràn lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá ló ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá. Lọ́dún yìí kò sẹ́ni tó retí ọbẹ̀. Wọ́n ti ra sọ́séèjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́wàá, Impi Laukkanen, ìyàwó olóògbé, fi ọkọ̀ rẹ̀ kékeré dé, ó ní kí wọ́n wá bá òun gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀.

"Ilé mi lẹ wá lọ́dún tó kọjá," ló sọ fún wọn. "Àbí ilé ta ni?"

 Wọ́n gbé ìkòkò kaná.

Marketta Hiltula, alága ẹgbẹ́, tó ń fi ọkọ̀ pín lẹ́tà káàkiri abúlé, wà lórí àkàbà, ó ń kun ògiri. Òun àti Arvi jọ lọ ilé ìwé ni.

"Arvi! Mo rò pé àwọn ẹyẹ ti jẹ ẹ́ ni."

"Wọ́n tọ́ mi wò. Wọ́n ní mo ti le jù."

"Wọn ò parọ́. Ṣé alùpùpù yẹn máa ṣiṣẹ́ lónìí, àbí ká kúkú gbin òdòdó sínú ẹ̀?"

"Ó máa ṣiṣẹ́."

"Ohun tó o sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lójú kan lára ògiri. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀ o," ni Marketta wí.

"Mo mọ̀. Ọ̀dà rẹ ń ṣàn."

Ó wọ inú ilé ọkọ̀. Ètò rẹ̀ kò le. Á yọ mẹ́sàn-án, á fi méje sí i, á ju àwọn ti àtijọ́ síbi tí wọ́n ń ju irin sí. Ẹ́ńjìnnì á máa dún. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè nọ́ńbà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Ó ṣí ìdérí ìjókòó sókè. Ó mú ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ taya bàìkì, ó fi fẹ́ iyanrìn kúrò ní ìdí púlọ́ọ̀gì, kí èérí má baà já sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà ni ẹnìkan dí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Antero ni. Ó gbé ẹ̀wù ìléfòó pupa kan tó ká dáadáa lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Níbo ni kí n gbé èyí sí?"

"Kí ni?"

"Ẹ̀wù mi. Mo fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́."

"Kó o fún Marketta."

"Marketta ò gbà á. Ó ní kí n kó o fún yín."

"Èmi náà ò gbà á."

"Ṣé kí n wá so ó kọ́ sára igi ni? Kí àwọn ẹyẹ tó jẹ yín wá wọ̀ ọ́?"

Ó ti gbọ́ àwàdà ìta. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀, kò yọ. Ó gbé ẹ̀wù náà sórí pákó, ṣùgbọ́n kò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń tàn án fún Arvi.

Arvi yọ fìlà rọ́bà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì kìíní. Ó fi sípánà tú u díẹ̀, ó fi rọ́bà oníhò yí i jáde. Ó dúdú láti òkè dé ìdí, ó ń dán bí imú ajá. Ìkejì rí bákan náà. Ó tò wọ́n sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Antero tẹrí ba wò wọ́n.

"Ẹ ò rí i? Epo tí mo fi rì wọ́n ló ṣì wà lára wọn."

"Epo bẹntiróòlù á ti gbẹ tipẹ́. Ọ́ìlì nìyí."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Ìyàtọ̀ wà. Arvi kò sọ ọ́. Ó yọ àwọn tuntun jáde nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Igun páálí wọn ti gbó nítorí bí ọwọ́ ṣe ń kàn wọ́n ní gbogbo ìgbà òtútù. Ó fi abẹ irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo ẹnu wọn, ibi tí iná ti ń fò, ó rí i pé ó pé. Ó fi rọ́bà bọ orí èkíní, ó sọ ọ́ sínú ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ó ń wo rọ́bà náà. Kò yọ̀. Púlọ́ọ̀gì ń wọlé jẹ́ẹ́, ìyípo kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi jókòó. Ó wá mú sípánà. Nítorí òrùka ìdí rẹ̀ tuntun ni, ó fún un ní ìdajì ìyípo kan, kò fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Méje," ni Antero kà lára páálí. Awakọ̀ ni, ojú rẹ̀ a máa lọ síbi nọ́ńbà. Ó yí èyí tó dúdú sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Mẹ́sàn-án ni wọ̀nyí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀?"

"Méje dára fún ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

"Ẹn-ẹ́n."

Arvi fi ìkejì sí i. Rọ́bà yí, kò yọ̀. Ìdajì ìyípo. Ó tẹ àwọn fìlà rọ́bà padà sórí wọn títí wọ́n fi dún. Iṣẹ́ ti parí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan," ni Antero wí, ó ń pa tọ́ọ̀ṣì. "Èmi tí mo wà lórí ẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ méje, ì báà jẹ́ ogún, màá rì í náà ni."

"Rárá," ni Arvi wí.

"Kí ni rárá?"

"Kò sí ohun tó o rì. Ẹ́ńjìnnì ti kú kó o tó fọwọ́ kan ṣóòkì. Ọ́ìlì ló pa á. Púlọ́ọ̀gì tútù ni mo fi sí i. Gbígbóná ni mo fẹ́ rà, mo fi ojú ayùn ka nọ́ńbà. Òdì ni nọ́ńbà àwọn ará Japan, n kò mọ̀. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó o rìn, bó ṣe yẹ kéèyàn wá ènìyàn lo ṣe wá a. Ẹni yòówù tó bá wà lórí ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ ọn lábẹ́."

Níta, ẹnìkan ń lu ìṣó mọ́ afárá. Ó lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó dúró, ó tún lù ú.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Oṣù Bélú."

"Bélú." Antero gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń ka ìka. "Ọ̀pẹ̀. Ṣẹrẹ. Èrèlé." Ó dúró síbẹ̀. "Èrèlé ni mo ta ọkọ̀ ojú omi mi. Ọmọ mi obìnrin sunkún. Mo sọ fún un pé bàbá ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń wa nǹkan lórí omi."

"N kò mọ̀."

"Ẹ ò bèèrè."

"N kò bèèrè."

"Ẹ̀ ń gbé ọwọ́ sókè sí mi lójú ọ̀nà!"

 Arvi ń wo ọwọ́ Antero, ó ń dúró dè é, bóyá yóò wá sí ojú òun. Kì bá mú orí kúrò. Ọwọ́ náà lọ sórí pákó, ó mú ẹ̀wù pupa, ó tú u. Antero wọ̀ ọ́, ó so gbogbo okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ ká tì í sómi," ló wí.

Wọ́n tì í sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú adágún. Antero gùn ún, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, èéfín búlúù jáde, ó sì mú. Antero kò sáré. Ó yí ojú rẹ̀ sí ìhà èèsún.

"Ẹ wo aago yín," ló pariwo.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù.

Marketta ti sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. "Ó wọ ẹ̀wù náà," ló wí. "Kí lo ṣe fún un?"

"Màá sọ fún ẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Impi sọ̀rọ̀. Kó o wá ìwé ẹgbẹ́ jáde. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe òótọ́."

Ní apá ibi tí wọ́n wà yìí, wọ́n ní bí ará ibẹ̀ bá ti la ẹnu, ọrùn ẹni tó gbọ́ ni ẹrù ọ̀rọ̀ bọ́ sí. Àwàdà ni. Bí Arvi ṣe ń gun òkè lọ síbi ìkòkò, òun ni ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Impi ń ro ọbẹ̀. Ó fi gèlè kékeré so irun, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín. Ó ti tò àwo sílẹ̀, búrẹ́dì dúdú, àti ìgò músítádì tó pọ́n bí oyin, èyí tí wọ́n ń ro pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ náà kó lè ta lẹ́nu.

"Ṣé o fẹ́ kó kún, Arvi, àbí díẹ̀?"

"Impi, mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún yín."

"Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Kò gùn. Ó fi púlọ́ọ̀gì dúdú kan hàn án, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè fi hàn. Ó ní Antero kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù Bélú. Obìnrin náà kò dáwọ́ ọbẹ̀ ríro dúró títí ó fi parí.

"Mú un wá."

Ó gbé púlọ́ọ̀gì náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ fi àmì sí i lọ́wọ́.

"Ó kéré," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o ń retí kí n sọ nǹkan fún ẹ?"

"Rárá."

"Ó dáa. Nítorí mi ò tíì mọ̀ ọ́n." Ó sọ púlọ́ọ̀gì sínú àpò épúróònù rẹ̀. Ó wo adágún. "Ẹ̀wù ìléfòó Oskari wà lórí ìṣó lọ́jọ́ náà. Mo rí i nígbà tó ń jáde. Mo ń bó ọ̀dùnkún. Mo ní lọ́kàn mi pé màá sọ fún un, kí n tó la ẹnu ó ti dé etí omi."

 Arvi rò pé bóyá ó yẹ kí òun fọwọ́ kan èjìká obìnrin náà. Kò ṣe é.

"Antero ń bọ̀ wá jẹun?" ni Impi bèèrè.

"Ó ń dán an wò. Létí èèsún. Ó rọra ń lọ."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kú sí lọ́jọ́ náà."

Impi bu ọbẹ̀ sínú àwo. Kò kún ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sì dín. Ó gbé e fún un, ó bu ti ara rẹ̀, wọ́n jókòó sórí pákó gígùn tó kọjú sí omi. Àwọn yòókù ti ń gòkè bọ̀, wọ́n sì rí wọn, wọ́n dúró lọ́dọ̀ Marketta nísàlẹ̀.

Ìró ẹ́ńjìnnì ń wá láti ọ̀dọ̀ èèsún, ó rọlẹ̀, kò ga, kò dín. Bó bá wọ ẹ̀yìn òkúta, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ Impi a dúró lórí ṣíbí. Ìró náà a tún jáde.

Aago méjìlá lù, ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kọjá mẹ́tàdínlógún. Arvi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò fi músítádì sí ọbẹ̀ náà, kò sì mọ̀ títí àwo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Ó pé," ló wí.

 Ẹ́ńjìnnì ń dún lọ. Aláwọ̀ ìyeyè náà yọ lẹ́nu ṣóńṣó ilẹ̀, ọkùnrin ẹlẹ́wù pupa wà lórí rẹ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Kò yí padà wálé. Ó wọ ẹ̀yìn ṣóńṣó náà lọ, ibi tí kò lè dé lọ́dún tó kọjá.

Impi dìde, ó lọ bu ọbẹ̀ sínú àwo kan, ó fi àwo mìíràn dé e kó má baà tutù.

Arvi wo ìka rẹ̀. Wọ́n ti funfun. Ó rí i pé ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ òun.